Orúkọ Ìyá Nínú Fọ́ọ̀mù

Kí òkò tó ba ẹyẹ, ẹni tó ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀ka tí ẹyẹ bà lé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òògùn. Òògùn kò mọ ojú, kò mọ agbádá, kò mọ oyè tí wọ́n ń fi síwájú orúkọ. Orúkọ ẹni ló mọ̀, àti orúkọ ìyá ẹni. Ẹ má béèrè ti bàbá lọ́wọ́ mi. Bàbá ní òun ló lọ́mọ. Ìyá nìkan ló mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ.

Ìdí nìyẹn tí Ọlátúnbọ̀sún fi ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá fáìlì ní ilé-owó wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lọ jẹun. Igbákejì ọ̀gá àgbà ni Ọlátúnbọ̀sún. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti lò níbẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí ilé-owó. Alájọ ni wọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń gba àjọ kiri láti Ìkọ́tún dé Ayọ̀bọ̀, káàdì lápò, eruku lójú. Ó gbà pé bí ọ̀gá àtijọ́ bá fẹ̀yìn tì, òun ni àga kàn. Àwọn olùdarí ní rárá. Wọ́n lọ gbé Dókítà Báyọ̀dé wá, ẹni tó ti ṣe olùdámọ̀ràn gómìnà kan lórí ọrọ̀ ajé fún ọdún mẹ́fà, tí kò gba àjọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀sún," ni Báyọ̀dé wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, "ẹ̀yin lẹ mọ ojú títì. Ẹ máa bá wa bójú tó ojú títì. Ẹ jẹ́ kí èmi máa bá àwọn èèyàn ńlá sọ̀rọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọlátúnbọ̀sún náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjọ́ náà há a lọ́fun bí eegun ẹja, kò gbé e mì, kò tu ú dànù.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí Báyọ̀dé lọ dúró níwájú àwọn aláṣẹ tó ń ṣọ́ àwọn ilé-owó. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tó já gaara, wọn á fọwọ́ sí i, àga á di tirẹ̀. Bí ahọ́n rẹ̀ bá kọ̀ ọ́ níbẹ̀, àga ṣófo nìyẹn, ta ló sì sún mọ́ àga bí igbákejì?

Kò sí ilé-owó tí kì í béèrè orúkọ ìyá. Wọ́n ní ààbò ni. Wọ́n ní olè lè mọ orúkọ rẹ, ó lè mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, ṣùgbọ́n kò ní mọ orúkọ ìyá rẹ. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ olè, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún aṣebi. Ọlátúnbọ̀sún ṣí ojú ewé kejì. Ọwọ́ Báyọ̀dé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ dúdú kirimú: Àdíját.

*

Fọkanáísà kan wà létí títì ní Ìgàndó, Táyéwò lorúkọ rẹ̀. Ẹni tí táyà rẹ̀ jò ń wá síbẹ̀. Ẹni tí táyà rẹ̀ kò jò náà ń wá, àwọn wọ̀nyí ló sì máa ń pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì jù. Lọ́jọ́ Ẹtì, oòrùn wà ní àárín orí nígbà tí Ọlátúnbọ̀sún dúró síwájú rẹ̀.

"Tiwájú ni àbí tẹ̀yìn?" ni Táyéwò bi í, kò gbójú sókè.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ táyà, bàbá."

"Mo mọ̀. Táyà ẹ tuntun ni. Kí ló wá ń jò?"

"Ẹnu ẹnìkan ni. Mo fẹ́ kó dákẹ́."

"Kó dákẹ́, àbí kó kú?"

"Háà! Èmi ò wá pààyàn o, bàbá. Kó ṣá má lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ìyẹn nìkan."

Táyéwò rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. "Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì! Ẹ fẹ́ kí iná jó ilé, ẹ tún fẹ́ bá a dá ọjọ́ tó máa kú. Ó dáa. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Báyọ̀dé."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Àdíját."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Òun fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́."

"Mi ò bi ẹ́ ní ẹni tó kọ ọ́. Mo ní, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, bàbá, ẹ bá mi ṣe é jàre."

Táyéwò gé rọ́bà túbù àtijọ́ kan bí ẹni gé ahọ́n. Ó da nǹkan dúdú kan lé e láti inú ìwo, ó fi rọ́bà méjì míràn bò ó lókè nísàlẹ̀, ó kì í bọ abẹ́ irin tó ti gbóná. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀meje. Èéfín jáde. Òórùn rọ́bà ni ní àkọ́kọ́; nígbà tó ṣe, ó di òórùn ẹran ara. Àgbébọ̀ adìyẹ kan tó ti ń ké lẹ́yìn bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ la ẹnu sílẹ̀, kò sì sí ohùn tó jáde níbẹ̀. Ó la ẹnu náà sílẹ̀ gbàgà, ó ń wo Ọlátúnbọ̀sún.

"Ó ti lẹ̀," ni Táyéwò wí. "Ohun tí mo bá fi iná lẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í gba ibẹ̀ jáde mọ́."

*

Ẹnu ni oko Báyọ̀dé. Òun ló fi ń jẹ. Ọ̀mọ̀wé púpọ̀ ló mọ ìwé jù ú lọ, àmọ́ nígbà tí àwọn yẹn bá ń ṣàlàyé, gómìnà á máa wo aago. Bí Báyọ̀dé bá bẹ̀rẹ̀, gómìnà á máa mi orí bí alángbá. Àdó kékeré kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Láràárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á ti ìka bọ oyin tó wà nínú rẹ̀, á lá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu tó lá oyin náà ló fi sọ pé kí wọ́n dáwọ́ owó ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà dúró fún ọdún méjì, kí ọrọ̀ ajé lè sinmi. Ọrọ̀ ajé sinmi. Àwọn tíṣà náà sinmi. Púpọ̀ nínú wọn kò dìde mọ́. Báyọ̀dé kò rí ojú wọn. Lórí ìwé tó gbé fún gómìnà, wọn kì í ṣe èèyàn, ìlà kan ni wọ́n.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ó ṣí àdó, ó rí i pé èèrà yí oyin náà ká. Gbogbo wọn ló ti kú, gbogbo wọn ló forí bọ oyin. Ó gbọ́n wọn dànù, ó lá a. Ó korò bí ewúro.

Lọ́jọ́ Àìkú, fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà Màmá rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀ ni. "Màmá, ẹ káàárọ̀ mà." Kò sí èsì. Èémí ló ń gbọ́, èémí tó ń fọn bí ìgbà tí a bá fẹsẹ̀ tẹ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. "Màmá? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò dáa o." Ó pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún dún lọ́jọ́ náà. Ìwé tó fẹ́ kà níwájú àwọn aláṣẹ wà níwájú rẹ̀. Kò gbé fóònù náà.

Ṣùgbọ́n oyin tó korò kì í jẹ́ kí ẹni tó fi ẹnu jẹun sùn. Lọ́jọ́ Ajé, ó gba orí afárá Abúlé Ẹ̀gbá, ó kọrí sí Òkè-Odò.

*

Akọ̀wé kóòtù ni Bàbá Adéwọlé kó tó fẹ̀yìn tì. Títí di òní, táì wà lọ́rùn rẹ̀ nínú ilé. Òun ló fún Báyọ̀dé ní àdó, lọ́dún tí Báyọ̀dé ṣì jẹ́ olùkọ́ tí bàtà rẹ̀ ń la ẹnu. Ó bu omi sínú àwo funfun, ó ní kí Báyọ̀dé mí sí i. Báyọ̀dé mí. Dípò kí omi náà rú lọ síwájú, ẹ̀gbẹ́ kan ló rú sí, ó forí kan etí àwo, ó sì dúró síbẹ̀ bí ohun tó ń kan ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ti rán nǹkan sí ẹ," ni Bàbá Adéwọlé wí. "Ẹnu rẹ ni wọ́n dá a fún. Kò bá ọ."

"Ẹ ṣeun, sà. Mo mọ̀ pé ààbò yín—"

"Má dúpẹ́. Èmi kọ́. Báyọ̀dé ọmọ Àdíját ló wá. Ó dé ọ̀dọ̀ Àdíját, ó wo inú rẹ̀, kò rí i pé ó bí ọ."

"Màmá kọ́ ló bí mi, sà. Ọmọ́wùnmí ló bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tó fi mí sílẹ̀ lọ lọ́kọ sí Ìbàdàn. Màmá ni ìyáálé rẹ̀. Iná gàrí ni wọ́n fi rán mi níwèé. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ orúkọ wọn, mi ò kọ ti ẹlòmíì rí."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, tí kò bá onílé, kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ilé orúkọ tí wọ́n fún un ló jókòó sí."

Fóònù Báyọ̀dé dún lórí tábìlì. Hamdalah ni, ọmọ àbúrò Màmá tó ń tọ́jú wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá o! Màmá ò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀fun ló ń dùn wọ́n ni. A ti gbé wọn lọ ọsibítù, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Láti àná, omi gan-an ò fẹ́ lọ mọ́. Òwú la fi ń rin ètè wọn. Àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn tẹ nọ́ńbà yín láná, ẹ ò gbọ́ ni?"

Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Ẹ gbà á lára wọn, sà."

"Èmi kọ́ ló máa gbà á. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé àyà Àdíját, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹta pé 'ọmọ Àdíját ni mí,' òun ló máa bá lọ. Ní báyìí, kò béèrè inú tó bíni mọ́. Ẹnu tó bá jẹ́wọ́ ló máa wọ̀."

"Èmi ńkọ́ lẹ́yìn náà?"

"Ìwọ á dákẹ́. Ara rẹ le, kò ní dí omi mọ́ ọ lọ́fun, kò ní pa ọ́. Màá máa tọ́jú ẹ. Oṣù mẹ́ta ni o, ọdún mẹ́ta ni o, mi ò mọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń retí mi, sà. Ṣé a ò lè sún un sí ọjọ́ Ẹtì?"

Bàbá Adéwọlé wò ó pẹ́. Ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Omi ni mo gbọ́ pé kò lọ mọ́, Báyọ̀dé. Kì í ṣe ẹjọ́ kóòtù tí a ń sún. Ohun kan tún kù: bí o bá fi ẹnu ara rẹ sẹ́ ẹ pẹ́nrẹ́n, o ò ní lè gbà á mọ́ láéláé, bí o tilẹ̀ fi orí gbálẹ̀."

*

Ayọ̀bọ̀ tí Báyọ̀dé gbọ́njú sí, oko ẹ̀gẹ́ ni. Lónìí, ilé alájà méjì ti yí ilé Màmá ká, ó wà láàárín wọn bí eyín kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé ibẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé dúró bí àwòrán.

Màmá jókòó sórí ẹní, ẹ̀yìn wọn fara ti ògiri. Ètè wọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ń dán bí rọ́bà. Ojú wọn nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n rí Báyọ̀dé, ojú náà kún fún omi, wọ́n na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ tí ààrò gàrí ti bó láwọ̀, tí kò hunjọ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀," ni Hamdalah wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀yin ni wọ́n ń retí."

Báyọ̀dé kúnlẹ̀. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé àyà Màmá. Ó ní, "Ọmọ Àdíját ni mí."

Kíá ni ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ki amọ̀ tútù sí i lẹ́nu. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba imú rẹ̀ kan. Níwájú rẹ̀, ètè Màmá là díẹ̀, bí ilẹ̀ tí iṣu ń ti sókè.

"Bá..." ni Màmá wí. "Bá..."

Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ìlàjì rẹ̀ ti jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kù.

Báyọ̀dé já ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ètè náà pa dé. Màmá ń wò ó. Ó fi ahọ́n rẹ̀ kan òkè ẹnu rẹ̀, ó rí i pé ó ti fúyẹ́. Ó dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

"Màá padà wá lọ́jọ́ Ẹtì," ló sọ fún Hamdalah. "Ẹ máa rin ètè wọn."

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọlátúnbọ̀sún jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ní Ìkẹjà pẹ̀lú àwọn olùdarí, ó ń retí. Gbogbo ìgbà tí Báyọ̀dé bá mu omi, á wò ó lọ́fun. Ṣùgbọ́n ẹnu Báyọ̀dé ń ṣàn bí odò. Wọ́n bi í ní ọ̀rọ̀ èlé, ó dáhùn. Wọ́n bi í ní ọ̀rọ̀ ìjọba, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lára Ọlátúnbọ̀sún.

Ó ku fọ́ọ̀mù tí Báyọ̀dé kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Arábìnrin Olúwatósìn, tó jẹ́ alága wọn, gbé e wò, ó sì yọ awò ojú rẹ̀.

"Dókítà, nǹkan kékeré kan, ẹ má bínú. Níbí, ẹ kọ pé Ọmọ́wùnmí lorúkọ ìyá yín. Nínú fáìlì yín tó wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, Àdíját ni. Èwo la fẹ́ mú?"

Báyọ̀dé mọ ohun tí wọ́n bi í, bí kò tilẹ̀ sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá pe Àdíját, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀ máa kú sí. Ó rántí amọ̀ tútù. Ó wo àga tó wà níwájú rẹ̀.

"Ọmọ́wùnmí ni, mà."

"Ta wá ni Àdíját?"

"Obìnrin kan tó ń yan gàrí ní Ayọ̀bọ̀ ni. Ó bá bàbá mi gbé rí. Kì í ṣe ìyá mi. Àṣìkọ ni."

Ohùn rẹ̀ já gaara. Kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Arábìnrin Olúwatósìn fọwọ́ sí i, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ẹnìkan sì ní kí wọ́n ya fọ́tò.

*

"Òògùn ẹ ò jẹ́!" Ọlátúnbọ̀sún kò rántí kí Táyéwò. "Ó sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ìbákà!"

"Ó jẹ́." Táyéwò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. "Mo bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, o ní ó dá ẹ lójú. Wá Àdíját lọ. Ibẹ̀ ló wà." Ó sọ ohun tó lè mú un kúrò fún un, bí Bàbá Adéwọlé ti sọ ọ́ fún Báyọ̀dé. Ó ní òun kò ní rọ́bà tí òun fi ń tú ohun tí òun ti lẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ọlátúnbọ̀sún dé Ayọ̀bọ̀, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ẹni tí òògùn náà wọ̀. Ó béèrè ilé Àdíját tó ń yan gàrí, wọ́n nawọ́ sí i. Bí ó ti ń sún mọ́ ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́ra, torí ẹsẹ̀ náà mọ ọ̀nà. Ó sọ fún Hamdalah lẹ́nu ọ̀nà pé ilé-owó Ẹ̀gbẹ́dá ni òun ti wá. Ó wọlé. Ó rí ẹni tó wà lórí ẹní, orí rẹ̀ fò lọ.

Ìyá Onígàrí ni. Òun kò mọ orúkọ wọn míràn rí. Káàdì wọn ni káàdì àkọ́kọ́ tó tà láyé rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn tán an. Lọ́dún tí òjò pa á ní Ayọ̀bọ̀ títí ibà fi dá a dúbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ààrò wọn ló sùn sí fún ọjọ́ mẹ́ta. "Mu ún, ọmọ mi," ni wọ́n ń wí, wọ́n ń gbé àgbo sí i lẹ́nu. Ẹnu tó ń wí bẹ́ẹ̀ ni òun lọ fi iná lẹ̀.

Èémí Màmá ti di fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí òwú. Ọlátúnbọ̀sún wólẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé wọn láyà.

"Ọmọ Àdíját ni mí."

Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Hamdalah bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ẹnu ọ̀nà pé kí ni ọ̀gá yìí ń ṣe.

"Ọmọ Àdíját ni mí."

Ó fi ìka ti ètè ara rẹ̀, kó lè là. Omi ojú àti itọ́ ń dà lé e láyà.

"Ọ-mọ... À-dí... ját... ni mí."

Ilẹ̀kùn tì. Ó gbọ́ ọ nínú orí ara rẹ̀, bí ìgbà tí irin gbígbóná bá bà lé omi.

Màmá wú ikọ́. Wọ́n wú u lẹ́ẹ̀kejì. Hamdalah gbé ife dé wọn lẹ́nu, omi lọ lọ́fun wọn, gbúrú, gbúrú, ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Màmá fọwọ́ nu ètè. Ojú wọn ti ṣú, wọn kò rí ẹni tó wà nílẹ̀ dáadáa.

"Hamdalah," ni wọ́n wí, ohùn wọn ha. "Báyọ̀dé mi ńkọ́? Òní kọ́ ni wọ́n pè é? Ṣé wọ́n ti gbé e sórí àga náà?"

"Màmá, ọ̀gá yìí ti ibẹ̀ wá. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn lóhùn."

Ọlátúnbọ̀sún gbójú sókè. Ó la ẹnu. Ó tún un là. Nígbà tó rí i pé kò sí nǹkan tó máa jáde níbẹ̀ mọ́, ó mi orí sókè sódò: bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n fara ti ògiri.

"Alihamudulilahi," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ pé ọmọ mi ò ní dójú tì mí."